Ìdìbò Tó Lé Adaidaita Kúrò ní Òpópónà Wa

Ẹnì kankan kò ròyìn rẹ̀ fún mi; ojú mi méjèèjì ló rí i. Ìwé kẹta ni mo kà dé, síbẹ̀ ta ni kò mọ̀ mí ní Sabon Gari?

Lánlọ́ọ̀dù kan tó ń du ipò alága àdúgbò ní òun máa lé adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kúrò ní òpópónà wa. Àwọn awakọ̀ yẹn ló ń jẹun ní búkà ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ ìdìbò, adaidaita náà ló fi kó àwọn ará Zoo Road, tí kì í ṣe àdúgbò wa, wá tò sẹ́yìn rẹ̀, torí ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù ló ń wọlé.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé àlejò ló ń yan olórí fún onílé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó sídìí ìkòkò ìyàwó yín."

Ó wọlé gẹ́gẹ́ bí alága, ó sì fi irin dí ọ̀nà mọ́ adaidaita. Ibùdókọ̀ adaidaita kan lọ, búkà kan lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin méjì tó ń bá wa dáná.