Òkú Tó Ń Fi Ìṣirò Ránṣẹ́

Wọ́n ní Màmá Oníṣirò ti kú. Ikú nìkan ì bá sàn. Wọ́n tún ní òkú náà kọ̀, kò sinmi, pé láti ọ̀run ló ti ń fi èsì ìṣirò ránṣẹ́ sí yunifásítì ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Níbi àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan búra pé èsì tó dé kẹ́yìn ń rùn bí erùpẹ̀ sàréè.

Òkú ọ̀hún wà nílé, ó ń yí ọkọ rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún bàbá náà àti ìdajì ẹnu rẹ̀. Látìgbà náà, màmá kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, kò fèsì ìwé ẹnikẹ́ni. Fóònù bàbá ló dún.

"Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Kíá ló ń pè, ọmọ tí màmá kọ́ títí tó fi di ọ̀mọ̀wé; torí kò lè dúró kí kọ̀ǹpútà ronú tán ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ta... ta ló kú?" Ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu bàbá.

"Ẹ má sunkún mọ́, bàbá. Ọ̀la la máa ṣèrántí wọn. Mo ti tún ètò kọ̀ǹpútà wọn tó ń ka àwọn aláìsàn ṣe, ó ń sáré bí àṣá! Aláìsàn tí kò bá padà wá gba ìtọ́jú, ẹ̀rọ á kà á mọ́ òkú, ó parí. Àwọn ilé ìwòsàn ti ń retí ẹ̀." Ó pa fóònù kí màmá, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, tó lanu.

Bàbá fi ìdajì ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín. "Òkú mi, bu omi fún mi."

Màmá bu omi fún un. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ja ìjà kan ṣoṣo: ẹni tí a kò rí mọ́ kì í ṣe òkú. Aláìsàn náà lè máa tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé. Bí ẹ̀rọ bá kà á mọ́ òkú, oògùn rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òun bá jáde lọ sọ fún wọn, tí bàbá ṣubú ńkọ́?

"Máa lọ," ni bàbá wí. "Ẹnì kan ti kú nínú ilé yìí lọ́sẹ̀ yìí, ó tó."

Lọ́jọ́ kejì, màmá fa bàbá lé aládùúgbò lọ́wọ́, ó jáde tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèrántí rẹ̀, aṣọ́nà na ọwọ́ dí i.

"Ẹ rọra, màmá. Wọ́n ń dákẹ́ fún òkú."

"Ẹni tí wọ́n ń dákẹ́ fún ló fẹ́ sọ̀rọ̀."

Nínú gbọ̀ngàn, ọ̀jọ̀gbọ́n gbogbo ayé dorí kodò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Àwòrán màmá lára ògiri tóbi débi pé ihò imú rẹ̀ gba èèyàn méjì. Kíá gbójú sókè, makirofóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà... màmá, a kọ̀wé títí, ẹ ò fèsì."

"Lo wá kà mí mọ́ òkú." Màmá he makirofóònù nílẹ̀. "Ìṣirò ọjọ́ Ajé yẹn, òótọ́ ni. Ẹ̀rọ mi ló ń dá fi í ránṣẹ́, mi ò ráyè wá pa á. Ti ikú, irọ́ ni. Ọkọ mi ló ń ṣàìsàn. Mi ò kú, mi ò kàn wá ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú orúkọ mi, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síwájú orúkọ àwọn aláìsàn yẹn náà, níṣojú mi. Ó yá, Kíá, tètè. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ lọ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì."