Ọ́ìlì Tí Bàbá Ògúntádé Kò Yìn

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni Isiaq onígbàjámọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù Fadékẹ́ ní Abúlé Òkúta. Ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé aláìsàn, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́kì, ọ́ìlì tí Fadékẹ́ tà fún òun ló sì fà á. Ohùn rẹ̀ kò kéré. Kí aago mẹ́wàá tó lù, oníbàárà mẹ́ta ti dá ọ́ìlì tí wọ́n rà padà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Fadékẹ́. Lásìkò yẹn, àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù, wọ́n ń pa á láró, wọ́n ń tà á bíi tuntun. Bí ẹnu ará àdúgbò bá ti ba ọjà èèyàn jẹ́ báyìí, ó di kí olúwarẹ̀ kógbá sílé. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, ẹnì kan ní kí wọ́n lọ pe Bàbá Ògúntádé, tó mọ bí wọ́n ṣe ń dán ọ́ìlì wò.

Bàbá dé lórí kẹ̀kẹ́ ológeere wọn tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́, èéfín ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n béèrè ìyá Isiaq, wọ́n tún béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá Isiaq. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ àgékù bébà funfun kan nínú àpò, wọ́n ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ọ́ìlì Fadékẹ́, wọ́n jẹ́ kí ó kán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí bébà náà. Wọ́n wá ní kí wọ́n fún àwọn ní àga.

"Bàbá, ṣé ó dáa àbí kò dáa?" Isiaq béèrè.

"Ìwọ náà jókòó. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Wákàtí kan kọjá. Ẹnì kan ra àkàrà, Bàbá bá wọn jẹ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń jẹ àkàrà, tòsì ń dáàbò bo bébà lọ́wọ́ atẹ́gùn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n gbé bébà náà sókè sí oòrùn, wọ́n wo bí ọ́ìlì ṣe tàn ká lára rẹ̀.

"Etí rẹ̀ mọ́. Àárín rẹ̀ ò ní ìdọ̀tí." Wọ́n yíjú sí Isiaq. "Báwo lo ṣe ń pò ó mọ́ epo?"

"Mo ti bù ú sí i níbẹ̀rẹ̀ oṣù, Bàbá. Ó ṣì yẹ kó wà níbẹ̀."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù?"

"Bí bọ̀dá mi ṣe ń ṣe mọ́tò tiwọn nìyẹn."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Isiaq, ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní ilé tí ọ́ìlì ń gbé. Èyí ò ní. Inú epo ni ọ́ìlì tirẹ̀ ń gbé, bí epo bá ti jó tán, ọ́ìlì ti bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ti ń febi pa á."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Isiaq náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ Fadékẹ́. Fadékẹ́ wá rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé ọ́ìlì mi dáa."

Bàbá tún wo bébà náà. "Kò burú," wọ́n ní. Wọ́n fa okùn ẹ́ńjìnnì wọn, ó di Ṣómólú.

Ohun tó wá wọ Fadékẹ́ lára nìyẹn. Àwọn oníbàárà padà, òótọ́ ni, àmọ́ bí wọ́n bá ti bi í pé kí ni Bàbá sọ gan-an, èsì rẹ̀ kì í yá a lẹ́nu. "Kò burú" kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ó pinnu pé bó pẹ́ bó yá, òun á gbọ́ "ó dáa" lẹ́nu bàbá yìí.

Kò mọ irú ẹni tó ń bá fà á. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tẹ̀wé ní Ṣómólú lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí àgékù bébà ni wọ́n sì ti máa ń dán tàdáwà wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Rẹ̀mí ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ara jẹnẹrétọ̀ kan tí kò múná wá mọ́, wọ́n dè é mọ́ kẹ̀kẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gùn ún dé Igbóbì, ìlọ́po mẹ́ta ọ́ìlì ni wọ́n pò mọ́ epo, kí ẹ́ńjìnnì lè yó. Èéfín bo títì débi pé nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ sáré béèrè ohun tó ń jó. "Kò sí ohun tó ń jó," Bàbá dá a lóhùn láti inú èéfín. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wa ni."

Ní Palmgrove, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ de táì. Ó ní ọ́ìlì òun, òkè òkun ló ti wá, òun ò sì lè ṣí agolo rẹ̀ kí Bàbá kán an sórí bébà. Bàbá bi í bóyá kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá kó tó fẹ́ ẹ.

"Mi ò tíì gbéyàwó, sà."

"Ó hàn," Bàbá ní.

Bí wọ́n bá rìn títí, ọ̀dọ̀ Fadékẹ́ náà ni wọ́n ń padà sí lóṣooṣù. Fadékẹ́ á bi wọ́n pé ti oṣù tó kọjá ńkọ́, wọ́n á ní ó gbé àwọn délé. Ó á ní ṣé ó dáa, wọ́n á ní àwọn ṣáà délé. Lọ́jọ́ kan, ó rọ ọ́ìlì ẹlòmíì sínú ìgò tirẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá agídí lásán ló ń da Bàbá láàmú. Bàbá kán an, wọ́n dúró tì í, wọ́n wá gbé orí sókè.

"Fadékẹ́, èyí kì í ṣe tìẹ. Èyí ń sáré lórí bébà. Tìẹ máa ń rọra rìn."

Inú Fadékẹ́ dùn. "Ṣé tèmi ló wá dáa jù, Bàbá?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà òjò èṣí ni Bàbá sùn tí wọn ò jí mọ́, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Fadékẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ síbi ìsìn ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, ó sì sunkún bí ọmọ wọn. Lábẹ́ ẹkún yẹn, nǹkan mìíràn ń dùn ún: ọdún mẹ́jọ ló fi dúró de ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó máa sọ ọ́ ti lọ. Ó ń tì í lójú pé irú èyí ń dun òun níbi òkú.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá Rẹ̀mí, ìyàwó Bàbá, rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, Isiaq ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Isiaq ni Bàbá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún. Wọ́n ní nínú gbogbo àdúgbò, òun nìkan ni kò ní gbàgbé láti po ọ́ìlì láéláé.

"Ẹgbẹ́ ilé wa ló ti fẹ́ ra ọ́ìlì," Màmá ní, "mo ní rárá. Bàbá Rẹ̀mí ti sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni tó bá máa gun kẹ̀kẹ́ yìí, ọ́ìlì Fadékẹ́ nìkan ni kó máa fi sí i. Wọ́n ní kò sí èyí tó dáa tó o láti Bàríga dé Palmgrove."

Fadékẹ́ di tábìlì mú. "Ṣé wọ́n sọ pé ó dáa, Mà?"

"Àìmọye ìgbà. Wọ́n kàn ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kó o gbọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tó o bá ti gbọ́ pé ó dáa, o lè má ṣọ́ ọ mọ́."

Omi lé ròrò lójú Fadékẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bébà kan yọ nínú àwọn àgékù tí Bàbá máa ń fi sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ja ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó kán ọ́ìlì sórí bébà náà.

"Àǹtí, ẹ kàn bù ú fún wa," Isiaq ní. "Mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù."

"Jókòó. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Màmá ra àkàrà. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Fadékẹ́ gbé bébà náà sókè sí oòrùn.

"Ṣé ó dáa?" Màmá béèrè.

Fadékẹ́ wò ó títí. Etí rẹ̀ mọ́, àárín rẹ̀ ò ní ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ tó ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ ti dé ètè rẹ̀.

"Kò burú, Mà," ó ní.

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fa etí ìró wọn nu ojú. Wọ́n wá ní kí Isiaq fa okùn, kí àwọn gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì Bàbá.