Fákúnlé Onísànmánì àti Ilẹ̀ Èjìgbò

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972, ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, ni olóògbé Fákúnlé aláago wọ aṣọ funfun, ó lọ dúró sáàárín títì ní Bọ́ládé. Àwọn èèyàn rò pé ó fẹ́ darí ọkọ̀ ni. Rárá o. Ó fẹ́ kéde fún gbogbo Òṣòdì pé sànmánì tuntun ti wọlé.

"Ẹ̀yin ará!" ló ń ké. "Sànmánì mẹ́ta layé ní! Sànmánì Bàbá, ìgbà òfin àti pàṣán. Sànmánì Ọmọ, ìgbà ìwé àti àlùfáà. Òní ni Sànmánì Ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò tún ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́!"

Ṣọ́jà kan tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà súnmọ́ ọn. "Bàbá, kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni ò tún ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Óyá, ẹ lóṣòó! Ẹ di etí mú! Ẹ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́!"

Fákúnlé fò láti àárín títì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó ní, "Ó jọ pé Sànmánì Bàbá ò tíì kúrò ní Bọ́ládé."

Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúnbi, mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹgbẹ́ awo kan lókè òkun ló ń fi ìwé pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lóṣooṣù. Inú ìwé náà ni wọ́n ti ní àlùfáà àtijọ́ kan ní ilẹ̀ òyìnbó ló pín ìtàn ọmọ aráyé sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Àdùkẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ní Ìsọlọ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò wọ̀ ọ́ létí.

"Bàbá Kúnbi, Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀kan ni wọ́n. Àbí ẹ rò pé iṣẹ́ ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe, bíi tàwọn ará ilé iṣẹ́ aṣọ, tí ọ̀kan á wọlé kí èkejì tó lọ sùn?"

Fákúnlé pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin ará Sànmánì Ọmọ yìí," ó ní, "ẹ lórí kunkun."

Iṣẹ́ aago ọ̀hún gan-an, ó mọ̀ ọ́n ṣe, àyàfi pé ọjọ́ tó máa parí ni kì í yé ẹnikẹ́ni. Ṣàmsúdéènì, ọmọ àdúgbò wọn kan, gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ fi lọ kí àwọn àna mi."

Fákúnlé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Jímọ̀ inú sànmánì wo?"

Nígbà tó di ọdún 1975, tí owó epo gba ìlú kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù, àwo tánganran tí Àdùkẹ́ ń tà kì í pẹ́ lórí àtẹ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra fíríìjì, wọ́n ń ra gíráàmù. Ilẹ̀ ló wu òun. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n nínú yàrá kan, Kúnbi sì ti ń di wúńdíá. Kò fẹ́ kí ọmọ náà ti orí ẹní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Ó wá ilẹ̀ lọ sí Èjìgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsọlọ̀. Bàbá Bùràímọ̀, olórí ẹbí onílẹ̀, gbọ́ tiẹ̀, ó mi orí.

"Ìyàwó, a kì í ta ilẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ò bá tẹ̀ lé e wá. Ẹ mú un wá ní Sátidé. Bí ò bá wá, ẹlòmíì ń dúró."

Fákúnlé ní òun ò lọ. "Kí la fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Nínú Sànmánì Ẹ̀mí, kò sónílé, kò sáyálégbé."

"Títí tó fi máa dé ńkọ́? Ṣé ká máa tò léra wa bí àwo tánganran ni?"

Ó kọ̀ jálẹ̀. Àdùkẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó fi ẹjọ́ sun Ọlọ́run. Láàárọ̀ Sátidé, Fákúnlé dé fìlà fúnra rẹ̀. "Ó dáa, ká lọ. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n bá sọ̀rọ̀."

 Àdùkẹ́ ti bẹ Ọlọ́run kí ọkọ òun wá. Ó gbàgbé láti bẹ̀ Ẹ́ kí ọkọ náà dákẹ́.

"Bàbá," ni Fákúnlé fi bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Bùràímọ̀, "ta ló ta ilẹ̀ yìí fún yín?"

"Àwọn baba wa ló tẹ̀ ẹ́ dó."

"Ní sànmánì wo?"

"Èwo ni ti sànmánì? Ó dáa, mo gbọ́, mo gbé owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ má gbé e wálẹ̀. Ilẹ̀ ò ṣeé tà ni mo wí." Ló bá mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé.

Bàbá Bùràímọ̀ rò pé ọjà ló ń ná. Láyé rẹ̀, kò rí ẹni tó ń nájà báyìí rí. Ó tún gbé e wálẹ̀. Fákúnlé ò tilẹ̀ gbọ́ iye tó pè. Nóà ló ń sọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹbí tó jókòó tì wọ́n ní àwọn ń lọ kírun. Wọn ò padà. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí igi, bàbá kọjú sí Àdùkẹ́.

"Ìyá Kúnbi, mo bẹ yín, ẹ gba ilẹ̀. Ẹ gba ìdajì èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣáà mú un lọ kó tó dé sànmánì kẹta!"

Ó ku kí ọkọ fọwọ́ síwèé. Fákúnlé tún lanu, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rí i bó ṣe di etí gèlè mú pinpin. Ó pa ẹnu dé, ó gba bírò.

"Nítorí rẹ ni o," ó ní. "Kì í ṣe nítorí ilẹ̀."

Ilé oníyàrá mẹ́rin ni Àdùkẹ́ kọ́ síbẹ̀. Yàrá iwájú ni Fákúnlé kú sí lọ́dún 1979, lásìkò òjò, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí aago tí wọn ò wáìn mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Bàbá Bùràímọ̀ fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé. Ó kí Àdùkẹ́ tán, kò lọ. Ó jókòó.

"Ìyá Kúnbi, ọkọ yín ò parí ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ lọ́jọ́sí. Èmi ni mo dá a dúró. Kí ló kù níbẹ̀?"

Àdùkẹ́ fẹ́ ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe lanu, Sànmánì Bàbá jáde, pẹ̀lú òfin àti pàṣán rẹ̀. Sànmánì Ọmọ tẹ̀ lé e. Kò fo ibì kan. Gbogbo ọdún tó rò pé òun ń ka tiẹ̀ sí ariwo, etí rẹ̀ ti ń gbà á sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ó dé ẹ̀kẹta, ó ní ẹnikẹ́ni ò tún ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀. 

"Nínú èyí tó kẹ́yìn yẹn," bàbá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ṣé ilẹ̀ á wà níbẹ̀?"

Àdùkẹ́ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Á wà, Bàbá. A ò kàn ní máa tà á ni."

"Hẹ̀n," ni bàbá wí. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹ máa wí lọ."