Ijó Orí Àjà Kẹta

Lọ́dún tí mo parí ilé-ìwé gíga, kò sí ilé-iṣẹ́ kan láti Lẹ́kí títí dé Ìbẹ́jú tó fèsì sí lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi. Orí ayélujára nìkan ni àwọn èèyàn ti ń dá mi lóhùn. Bí mo bá fi fídíò ijó síbẹ̀, àwòrán ọkàn pupa á máa rọ́ wọlé, inú mi á sì máa dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ń jù sókè tí wọ́n sì ń hán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa: kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan péré, wọ́n á gbàgbé mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gun ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ilé wa ní Adó, lọ́nà Lẹ́kí. Kò tíì sí ògiri létí àjà òkè. Mo gbé fóònù ti búlọ́ọ̀kù, mo ń jó, àwọn èèyàn ń wò mí lórí ayélujára bí mo ṣe ń jó ọ́ lọ́wọ́. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mutí.

Àwọn tó ń wò mí kọ̀wé pé, "Sún sẹ́yìn, a ò rí ẹsẹ̀ ẹ." Mo sún. "Díẹ̀ sí i." Mo tún sún.

Bàbá bíríkìlà, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ ilé náà, yọ lórí àtẹ̀gùn níwájú mi. Bàbá ò pariwo.

"Ọmọ mi, ṣé o ò ní kí àgbà ni?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. "Ẹ káàsán, sà!" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ mi ò rílẹ̀ tẹ̀. Òfìfo ló wà lẹ́yìn mi.

"Máa rá bọ̀."

Mo rá bọ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ẹ̀rín lẹ́nu, omijé lójú. Bàbá gbé fóònù, wọ́n ń ka ohun tí àwọn tó ń wò mí kọ, díẹ̀díẹ̀: "Kí ló... ń kúnlẹ̀ fún? Padà... sẹ́yìn."

Bàbá wò mí. "Ṣé àwọn wọ̀nyí mọlé yín?"

"Rárá, sà."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ká ní o jábọ́ ni, èmi ni ǹ bá gbé ọ lọ fún ìyá ẹ."

Wọ́n pa fóònù, wọ́n fi í sápò. Kí n má parọ́, ó dùn mí bíi pé wọ́n paná lójú mi.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, àwọn lébìrà ń po sìmẹ́ǹtì. Bàbá ní, "Ẹ dúró ná. Ọmọ yìí fẹ́ jó."

"Ṣé ijó ni, àbí ó ń gbọ̀n?" ni lébìrà kan bi wọ́n.

"Méjèèjì ni!" mo dáhùn.

Mo jó lórí yanrìn, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì lu ìlù. Èèyàn mẹ́fà péré ni, mo sì rí ojú gbogbo wọn.

"Sún mọ́ wa!" ni ọ̀kan kígbe.

Mo sún mọ́ wọn.