Ọmọ Tí Mo Pè Lólódo

Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Lugbe l'Ábùjá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀gá wa kó tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá dé, díẹ̀ ló kù kí n jó. Ọmọ á fi íyápíìsì sétí, ohùn obìnrin kan á kí i ní òyìnbó, á ní kó fọwọ́ tẹ ewúrẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù pupa, ẹ̀rọ náà á sì fún un ní máàkì. Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n da máàkì kọ sínú ìwé lọ. Kai, ó bá mi lára mu!

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ará ìhà Kàbà bíi tèmi. Òdo ló ń gbà lójoojúmọ́. Ìgbà mìíràn mo máa ń rí i lórí ìkúnlẹ̀ nídìí tábílẹ́ẹ̀tì, mo rò pé eré ló ń ṣe, mo sì máa ń jágbe mọ́ ọn. Mo pe ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, mo ní ọmọ wọn ò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì tó kàn. Mo ní Yorùbá tí ìyá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ń sọ sí i láti àárọ̀ dalẹ́ ló sọ ọ́ di olódo. Èmi tó jẹ́ pé Yorùbá ni mo fi ń gbàdúrà! Ìyá ọmọ ò bá mi jiyàn. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí íyápíìsì ọmọ yìí tó bàjẹ́, tí ohùn fi ń jáde síta, ni mo bá jókòó tì í láti dín ariwo ẹ̀rọ náà kù. Bí ohùn yẹn ṣe kí i pé ẹ káàárọ̀ lédè òyìnbó, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kò dìde mọ́. Ohùn náà ń bi í ní ìbéèrè lọ, àkókò ń tán, òdo ń gorí òdo. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tẹ nǹkan kan.

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn," ló wí.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé àgbà ní í ní kéèyàn dìde! Mo fà á dìde, mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́. Kò ṣi ẹyọ kan.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ́sàn-án, mo rò ó fún wọn, mo tọrọ àforíjì, mo ní ọmọ á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn ò yọ̀. Wọ́n ní ìyá àgbà ti padà sílé ní ìhà Kàbà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pe ìyá àgbà padà.

"Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, áńtí," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹnu àwọn ló ń ba ọmọ-ọmọ àwọn jẹ́."