Kókó Abíyá Ìyá Junaid

Tí ẹ bá wọ Mile 12 láàárọ̀, tí ẹ rí obìnrin kan tó jókòó sórí àpótí, tó ń ṣa tòmátò láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, Suwebat nìyẹn, Ìyá Junaid. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń ríran. Á fi tẹ tòmátò lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ èyí tó máa dúró di ọ̀la àti èyí tó ti ń rà nínú. Ìsọ̀ tèmi ló tẹ̀lé tirẹ̀, ata ni mò ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Junaid, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti fẹ́yàwó sí Gbàgádà, ọdún Iléyá la fi ń rí i. Iṣẹ́ ti sọ obìnrin yìí di arúgbó ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀, kí n má parọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kan, igi tín-ín-rín láti ara apẹ̀rẹ̀ gún un ní àtàǹpàkò yẹn. Ó fà á yọ, àṣé ìdajì rẹ̀ kù sínú. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo ọjà ń ṣe: ó tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Ìyẹ̀fun náà gan mọ́ ọn bíi sìmẹ́ǹtì. Òkè gbẹ, inú ń rà.

Kò pẹ́, kókó yọ sí i lábíyá. Kabirat alálùbọ́sà ní òun mọ àìsàn náà.

"Kókó yìí ló ń dà ẹ́ láàmú. Àfi ká tẹ̀ ẹ́ kó tú ká."

Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, á fi aṣọ tó rì sínú omi gbígbóná jó o, á fi òrí pa á, á wá máa fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, Ìyá Junaid á sì gé etí ìró rẹ̀ jẹ. Inú bí mi. Mo ní, "Kabirat, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá! Wo ọwọ́ ẹ̀ ná!" Ó ní kí n gbájú mọ́ ata mi. Ẹni tí àlùbọ́sà ń hù mọ́ lọ́wọ́!

Nígbà tí Ìyá Junaid bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú oòrùn, tí ọwọ́ rẹ̀ wú dé ọrùn ọwọ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wọ́ ọ sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòsì. Nọ́ọ̀sì Fáṣínà wo ọwọ́ náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní a tún fi falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, gígé ni wọn ì bá gé àtàǹpàkò náà. Ìyá Junaid ò tiẹ̀ bèèrè bóyá ó lè pa òun.

"Kí ni ǹ bá máa fi ṣa tòmátò?" ló bi í.

Nọ́ọ̀sì la ojú egbò. Ọyún tú jáde, igi náà sì tẹ̀lé e. Ó ní àtàǹpàkò á yè, tó bá lo oògùn rẹ̀ tán, tó sì sinmi. Ni Ìyá Junaid bá gbé apá sókè.

"Ẹ bá mi gé kókó yìí náà dànù. Òun ló fa gbogbo ẹ̀."

"Mummy, ta ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ o! Ibẹ̀ ni àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ń kóra jọ, wọ́n ń dá kòkòrò tó ń bọ̀ láti ọwọ́ yín dúró, kó má bàa wọ gbogbo body lọ. Ọyún tí ẹ rí yẹn, òkú wọn ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ara yín tó ń gbóná, àwọn náà ni, torí kòkòrò ò fẹ́ ooru. Igi yẹn nìkan ni wọn ò rí gbé jáde, ẹ sì tún fi powder bò ó mọ́lẹ̀."

"Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jà, wọ́n ń jà?"

"Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹ ṣe ń sùn. Wọn ò dáwọ́ dúró."

"Mi ò sì bẹ̀ wọ́n?"

"Ẹ ò bẹ̀ wọ́n, Mummy."

Ìyá Junaid rọra gbé ọwọ́ òsì lé abíyá rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ìrora ni, mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó mirí.

"Látọjọ́ tí Bàbá Junaid ti kú," ó ní, "mo ṣebí èmi nìkan ni mò ń jà."