Ààwẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Wo Túúlu

Inú ń bí mi títí dòní, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹni tí túúlu ò ṣe rí ló máa ń pè é ní ẹ̀fọ́rí lásán. Ẹ̀gbẹ́ òsì orí mi ló máa ń mú, á máa sọ kì kì kì bí ẹni ń fi òòlù lù mí láti inú. Mi ò ní í lè wo ìmọ́lẹ̀, màá sì máa bì títí. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, nígbà SAP tí gbogbo nǹkan le koko. Bó bá ti gbé e dé, abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni mo máa ń rá pálá wọ̀, ọ̀gá mi á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí.

Màámi ń ta iyọ̀ àti irú ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Túúlu ń ṣe àwọn náà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, wòlíì ibẹ̀ sì ní ayé ló ń forí mi ṣeré, kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí n má fẹnu kan omi pàápàá. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbà á ni túúlu ń gbé mi ṣánlẹ̀ nínú èéfín tùràrí. Wòlíì á ní ọ̀tá ló ń jà, kí n tún fi kún un. Ẹ gbà mí o, ta ló ń fi epo bẹntiróòlù paná?

Ràmàdáánì ló là mí lójú. Mùsùlùmí ni ọ̀gá mi. Èmi ò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti jẹun níwájú wọn, ni mo bá ń febi panú dìrọ̀lẹ́. Orí ò sinmi lóṣù yẹn. Nígbà tí wọ́n túnu, tí mo padà sídìí ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀, ara tù mí. Mo wá ń ṣọ́ ara mi. Mò ń tètè jẹun, mò ń mumi dáadáa, mi ò fi oorun du ara mi. Bó bá sì fẹ́ yọjú, màá gbé aṣọ tútù léwájú orí, màá lọ dùbúlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn kó tó le. Kò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n ráyè mí.

Wọ́n ti sún fírídọ̀mù mi, ayẹyẹ ìgbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́, síwájú rí nítorí orí yìí. Ọ̀gá ní bí mo bá tún dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, màá tún ọdún kan ṣe. Ni wòlíì bá ránṣẹ́ pé kí n kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ayé má baà bà á jẹ́. Mo wọkọ̀ lọ bá màámi.

“Màámi, ebi ló ń fa túúlu yìí. Mi ò gbààwẹ̀ kankan mọ́.”

Wọ́n ní kí n má fẹnu ara mi ba tèmi jẹ́. Mo ní wòlíì tó ń pàṣẹ ebi, iyán ni òun alára ń gbé mì lọ́sàn-án gangan. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Mi ò dágbére dáadáa kí n tó padà s'Ọ́yọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, mo ti sùn dáadáa, mo ti jẹun yó, orí ò sì fọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, ọ̀gá gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Màámi ò yọjú. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni, inú sì bí èmi náà burúkú. Mo bu ìrẹsì sínú kúlà, mo tún wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.

Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Màámi ń bẹ lórí ẹní, wọ́n fi ọ̀já di orí pinpin, abọ́ èébì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú wọn ò sì là.

“Ṣé orí fọ́ ẹ?”

Mo ní rárá.

“Mo mọ̀. Èmi ni mo ń gba ààwẹ̀ yẹn dípò ẹ.”

Inú tún bí mi. Mo ṣí kúlà, mo gbé ṣíbí ìrẹsì sún mọ́ ẹnu wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹun. Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó pé, kí n má jẹ́ kí èyí tí àwọn ti gbà já sófo.